Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sáré: ẹsẹ̀ mi kò yá, ọkàn mi ń lù dé 178, ẹ̀rù sì ń bà mí

Olùkọ́Bódìjà (Ọjọ́ Àìkú, 5:12 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí láìdá sí i, ṣùgbọ́n èyí ti ká mi lára báyìí, mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí i.

Ọmọ ọdún 41 ni mí, olùkọ́ ni mí ní Ìbàdàn. Ọ̀sẹ̀ kẹfà rèé tí mo ti ń sáré ní ìdájí, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Láti Bódìjà ni mo ti ń gba ọ̀nà UI lọ, màá sì yí padà kí n tó dé géètì. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 3. Ìṣẹ́jú 8 àti ìṣẹ́jú-àáyá 40 ni kìlómítà kan ń gbà mí.

Aago ọwọ́ tí ọkọ mi rà fún mi ló kó ìdààmú bá mi. Kí n tó sáré dé ibi tí àwọn elẹ́kọ máa ń jókòó sí, ó ti ka 165. Nígbà tí mo bá fi máa yí padà, á ti di 176, 178. Mo wá kà á níbì kan pé kí èèyàn fi ọjọ́ orí rẹ̀ yọ nínú 220, pé èyí tó kù ni òpin ibi tí ọkàn lè lù dé. Mo yọ 41 kúrò, ó ku 179. Ẹyọ kan péré ló kù kí n dé òpin! Ẹ̀jẹ̀ ríru ló pa bàbá mi, kò tíì pé 60. Ìdí tí mo fi bẹ̀rẹ̀ eré yìí gan-an nìyẹn. N kò fẹ́ kí ohun tí mo fi ń sá fún ikú wá di ohun tó máa pè é wá.

Ìkejì: bàbá kan wà ní àdúgbò wa, ó jù mí lọ dáadáa, òun náà ń sáré. Á kọjá lára mi bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan, á ní "Ẹ kú iṣẹ́ o", á sì ti lọ. Èmi kò lè dá a lóhùn, torí kò sí èémí tí mo máa fi dáhùn. Ó ń dùn mí, torí a kì í ṣe bẹ́ẹ̀ sí àgbà. Bẹ́ẹ̀ sì ni bí mo bá tún dẹ̀ ẹ́ ju báyìí lọ, ìrìn ni mo ń rìn.

Ṣé kí n fi sílẹ̀ ni? Ṣé ọkàn mi ló ní àrùn? Ẹ jọ̀ọ́.

Tíṣà_Eré (Ọjọ́ Àìkú, 6:03 ìrọ̀lẹ́)

Olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ sì kú ìgbìyànjú. Eré ìdárayá ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní Abẹ́òkúta kí n tó fẹ̀yìn tì. Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ dá mi lóhùn:

Bí ẹ bá ń sáré, ṣé àyà máa ń dùn yín tàbí kó fún mọ́ yín? Ṣé òòyì máa ń kọ́ yín, tàbí ojú yín máa ń ṣú? Ṣé ọkàn máa ń fò sókè lójijì kí lílù rẹ̀ má sì ṣe déédéé? Ṣé ẹ ń lo oògùn kankan? Nígbà wo lẹ yẹ ìfúnpá wò kẹ́yìn? Àti pé bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, kí ẹ tó dìde lórí ibùsùn, mélòó ni ọkàn yín ń lù?

Olùkọ́Bódìjà (Ọjọ́ Àìkú, 6:40 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ ṣeun, sà. Àyà kì í dùn mí. Òòyì kò kọ́ mi rí. Ọkàn ń yára ni, kò ṣe ségesège. N kò lo oògùn kankan. Ọjọ́ Ẹtì tó kọjá ni mo yẹ ìfúnpá wò, ó jẹ́ 128 lórí 82. Bí mo bá jí, 74 ni.

Ohun tó ń ṣe mí kò ju pé mo máa ń mí hẹlẹhẹlẹ lọ. Ọ̀rọ̀ méjì ni mo lè sọ kí n tó tún mí.

Tíṣà_Eré (Ọjọ́ Àìkú, 8:25 alẹ́)

Ó dáa. Ká ní ẹ sọ pé àyà ń dùn yín tàbí pé òòyì ń kọ́ yín, ohun tí mo máa sọ ni pé kí ẹ má sáré mọ́ títí dókítà á fi yẹ̀ yín wò. Síbẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ bàbá yín, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ọkàn, èyí tí wọ́n ń lẹ wáyà mọ́ àyà fún, ECG. Ẹ lọ ṣe é kí ọkàn yín lè balẹ̀.

Ní ti 220 yẹn, ìṣirò àárín gbùngbùn ni. Wọ́n kó iye tí ọkàn àwọn èèyàn lù dé jọ, wọ́n fa ìlà gba àárín wọn. Lọ́dún 2001, Tanaka àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé òmíràn jáde: ẹ mú ọjọ́ orí yín, ẹ fi 0.7 sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ yọ ọ́ nínú 208. Ẹ ṣe é fún 41, ẹ máa rí 179 náà. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kà dé nìyí: ẹni méjì tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ 41 lè fi 20 ju ara wọn lọ kí ara àwọn méjèèjì sì le koko. Ti ẹnì kan lè jẹ́ 170, ti ẹnì kejì 190. Bí ẹnì kan bá wọn gíga gbogbo obìnrin Ìbàdàn tó sì rí àárín rẹ̀, ṣé aránṣọ yín á wá fi ìwọ̀n yẹn rán bùbá yín láìwọ̀n yín? Nítorí náà, 179 kì í ṣe òpin tiyín títí a ó fi mọ̀.

Bó bá tilẹ̀ jẹ́ òpin yín, òpin yẹn kì í ṣe ibi tí ọkàn ti ń bẹ́. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé ọkàn kò lè yára ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹsẹ̀ á ti kọ̀ fún yín, ẹ ó sì dúró fúnra yín. Kò sì sí ẹni tó lè wà ní ẹyọ kan sí òpin rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20 kó tún máa bá a lọ. Ẹ rò ó wò.

Àmọ́ aago yín kò purọ́ tán o. Ẹ ti ń sáré jù. Mo mọ̀ pé ó máa yà yín lẹ́nu nítorí pé lójú yín ẹ lọ́ra. Kò yà mí lẹ́nu rárá, torí èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi la kọ́ yín bẹ́ẹ̀. Ẹ rántí íńtà-háòsì. Kí ni a fi kọ́ yín? Ọgọ́rùn-ún mítà, igba mítà, eré ọ̀pá. A ó fun fèrè, ẹ ó sì fi gbogbo agbára sá a, ó parí. Nínú gbogbo ọdún tí mo fi ṣe iṣẹ́ yẹn, n kò fi ọjọ́ kan ṣoṣo kọ́ ọmọ bí a ṣe ń sáré pẹ̀lẹ́. Ó ń dùn mí títí di òní. Àwọn asáré wa tí ayé mọ̀, irú bíi Tobi Amusan ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tó fi ìṣẹ́jú-àáyá 12.12 sá ọgọ́rùn-ún mítà tí wọ́n ti ń fo igi ní Oregon lọ́dún 2022, gbogbo wọn ló ń sá eré àsápajúdé. Bí ọmọ Yorùbá bá ti gbọ́ "sáré", ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ nìyẹn, ẹsẹ̀ rẹ̀ á sì máa wá a.

Kí wá ló dé tí a fi ń fẹ́ pẹ̀lẹ́? Ẹ wo ẹni tó ń fi korobá kékeré fa omi nínú kànga. Ó gbọ́dọ̀ fà á léraléra kí garawa tó kún. Bí korobá bá tóbi, ìwọ̀nba ló máa fà. Bẹ́ẹ̀ ni ọkàn ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀: ẹ̀jẹ̀ tó ń tì jáde lẹ́ẹ̀kan kò pọ̀, nítorí náà ó ní láti lù léraléra. Bí ẹ bá ń sáré déédéé, omi inú ẹ̀jẹ̀ á kọ́kọ́ pọ̀ sí i, ìyẹn kì í ju ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì lọ. Lẹ́yìn náà ni ọkàn fúnra rẹ̀ á máa tì púpọ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan, tí àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín inú iṣan ẹsẹ̀ á sì máa pọ̀ sí i. Ìyẹn ń gba oṣù. Eré pẹ̀lẹ́ ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn jù, torí òun lẹ lè ṣe pẹ́ láìrẹ̀ yín, kí ẹ sì tún lè ṣe é lọ́jọ́ kejì.

Láti ọ̀la, ẹ rìn fún ìṣẹ́jú 5 kí ara gbóná. Kí ẹ wá sáré ìṣẹ́jú 1, kí ẹ rìn ìṣẹ́jú 2. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́jọ. Ní ti bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ẹ kò sáré jù, ẹ ti sọ ọ́ fúnra yín: bàbá àdúgbò yẹn. Ẹni tó bá ń sáré níwọ̀n gbọ́dọ̀ lè dáhùn ìkíni, kó sì dá a pé. "Ẹ kú iṣẹ́ o." "Òo, ẹ kú iṣẹ́ náà sà, ẹ kú ìdájí, ilé ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́?" Bí ẹ kò bá lè sọ gbogbo ìyẹn láìgé e sí méjì, ẹ dẹ̀ ẹ́. Bó bá sì jẹ́ ìrìn ló kù, ẹ rìn.

ỌmọSúrùlérè (Ọjọ́ Àìkú, 9:10 alẹ́)

Bàbá Tíṣà, mo dọ̀bálẹ̀ o. Mo gba gbogbo rẹ̀ àyàfi ohun kan. Àǹtí, ẹ bọ́ aago yẹn sílẹ̀. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2019, mo kàn ń sáré ni, n kò mọ iye tí ọkàn mi ń lù, kò sì sí nǹkan kan tó ṣe mí. Mo ti sá kìlómítà 10 tó máa ń bá Lagos City Marathon rìn lẹ́ẹ̀mejì. Aago ń fi ẹ̀rù sí èèyàn lára. Ẹ̀rù náà ń mú kí ọkàn yára, aago á tún ka èyí tó pọ̀ sí i, ẹ̀rù á tún pọ̀ sí i. Ẹ ó kàn máa yípo lójú kan náà.

Nọ́ọ̀sìPeckham (Ọjọ́ Àìkú, 10:48 alẹ́)

Ẹ kú alẹ́ o. Àbúrò mi ọmọ Súrùlérè, òótọ́ ni pé ẹ̀rù ń mú ọkàn yára. Ṣùgbọ́n ìwọ sọ fún wa, nígbà tó ò ń sáré láìmọ nǹkan kan yẹn, ṣé ara rẹ kò dùn ọ́ rárá?

Ẹ̀gbọ́n Olùkọ́, mo fẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ̀ bóyá iye yẹn jóòótọ́. Aago ọwọ́ ní iná aláwọ̀ ewé kan lábẹ́ rẹ̀. Iná yẹn ló ń tàn sínú awọ ara láti wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń kún tó sì ń fà. Bí èèyàn bá jókòó, ó máa ń ka iye tó péye. Bí èèyàn bá ń sáré, apá ń fì, aago ń mì, ẹsẹ̀ ń dún kì-kì-kì nílẹ̀, aago lè ṣìnà kó máa ka ìgbésẹ̀ ẹsẹ̀ dípò ọkàn. Ọ̀pọ̀ wa ló ń gbé ẹsẹ̀ ní nǹkan bí 150 sí 180 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹ rí i pé 176 yín wọ inú rẹ̀ rẹ́gí.

Ẹ ṣe báyìí. Ẹ fà á sókè díẹ̀ kúrò lórí egungun ọrùn ọwọ́, bí ìka kan tàbí méjì, kí ẹ dè é kó mọ́ ara, ṣùgbọ́n kí ọwọ́ má kú. Bí ẹ bá ń sáré tó sì ka iye tó ń dẹ́rù bà yín, ẹ dúró lójú ẹsẹ̀, ẹ fi ìka méjì sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀fun, kí ẹ má tẹ̀ ẹ́ le, kí ẹ ka lílù rẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá 10, kí ẹ wá fi 6 sọ ọ́ di púpọ̀. Ẹ má ka ìṣẹ́jú kan gbáko, torí ọkàn ń rọlẹ̀ kíákíá bí ẹsẹ̀ bá ti dúró, iye tí ẹ máa rí á kéré ju òótọ́ lọ. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta.

Bí owó bá wà, bẹ́líìtì kan wà tí wọ́n ń dè mọ́ àyà lábẹ́ ọmú, òun ló péye jù. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì ra nǹkan kan.

ỌmọSúrùlérè (Ọjọ́ Ajé, 7:15 òwúrọ̀)

Nọ́ọ̀sì, ẹ mú mi. Oṣù kẹta tí mo bẹ̀rẹ̀, ojúgun mi méjèèjì wú, n kò lè gun àtẹ̀gùn. Mo fi oṣù méjì jókòó sílé. Ojoojúmọ́ ni mo ń sáré, gbogbo rẹ̀ ni mo sì ń fi agbára sá. Nígbà tí mo padà, mo bá ẹgbẹ́ kan pàdé ní ìdájí lórí afárá Lẹ́kí sí Ìkòyí, àwọn àgbààgbà ibẹ̀ ń sáré wọ́ọ́wọ́ọ́, wọ́n ń tàkúrọ̀sọ. Mo rò pé wọn kò mọ̀ ọ́n sá ni. Nígbà tí a dé kìlómítà 8, èmi ni mo jókòó, wọ́n ṣì ń sọ̀rọ̀ lọ.

Nítorí náà mo gbà pé kí wọ́n sáré pẹ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n n kò yí ohùn padà lórí ọ̀rọ̀ aago. Etí ara ẹni ló yẹ kí èèyàn kọ́kọ́ kọ́.

BàbáÒṣogbo (Ọjọ́ Ajé, 11:30 òwúrọ̀)

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́. Tèmi yàtọ̀ sí ti olùkọ́. Ọmọ ọdún 59 ni mí. Dókítà ní kí n máa rìn kí n sì máa sáré díẹ̀díẹ̀. Ọmọ mi fi aago kan ránṣẹ́ sí mi. Bí mo tilẹ̀ gun òkè, tí mo làágùn, tí mo ń mí gúlegúle, kò ju 115 lọ. Aago náà sì ń sọ fún mi pé n kò tíì ṣe tó, pé kí n yára sí i. Atenolol ni mò ń lò fún ẹ̀jẹ̀ ríru. Ṣé kí n yára sí i bó ṣe wí?

Nọ́ọ̀sìPeckham (Ọjọ́ Ajé, 1:05 ọ̀sán)

Bàbá, ẹ kú ọ̀sán sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tẹ̀lé e. Iṣẹ́ tí atenolol ń ṣe gan-an nìyẹn: ó ń di ọkàn mú kó má yára. Propranolol àti bisoprolol náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ń lò wọ́n, ìṣirò 220 àti 208 kì í ṣe tirẹ̀ rárá. Aago kò mọ̀ pé ẹ lo oògùn láàárọ̀. 115 tiyín lè jẹ́ iṣẹ́ ńlá fún ara yín, èémí yín sì ti sọ ọ́ fún yín. Èémí ni kí ẹ máa tẹ̀lé, ìkíni tí Bàbá Tíṣà sọ yẹn ló dára jù fún yín.

Mo tún bẹ̀ yín, sà, kí ẹ má ṣe dá oògùn yẹn dúró fúnra yín nítorí eré. Bí èèyàn bá já a lójijì, ìfúnpá lè fò sókè, ó sì léwu fún ọkàn. Ẹ sọ fún dókítà yín pé ẹ ti ń sáré, òun ni kó mọ bóyá wọ́n máa pààrọ̀ rẹ̀.

BàbáÒṣogbo (Ọjọ́ Ajé, 1:40 ọ̀sán)

Ọlọ́run á bù kún ọ, ọmọ mi. Mo ti pa ohùn aago náà.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ifẹ̀ (Ọjọ́ Ajé, 4:20 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yin àgbà. Ẹ má bínú pé mo fi tèmi kún un. AS ni mí. Ọmọ 21. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi sáré nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ wa ní agogo mẹ́ta ọ̀sán, wọ́n ní kí a fi dúpẹ́ fún ara wa pé ìdánwò ti parí. N kò sáré rí láti ọdún méjì. Nígbà tó yá, itan mi méjèèjì di líle bí igi, àárẹ̀ mú mi débi pé n kò lè dúró. Ìkan lára wọn ní kí n jára mọ́ ọn, pé ọ̀lẹ ni mí. Mo jókòó, mo mu omi, ó lọ. Ṣé AS kò lè sáré ni?

Nọ́ọ̀sìPeckham (Ọjọ́ Ajé, 6:55 ìrọ̀lẹ́)

Ọmọ mi, o ṣe dáadáa tó o jókòó. Mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń kà á gbọ́ èyí dáadáa, torí nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ló jẹ́ AS, ọ̀pọ̀ ló sì rò pé kò kàn wọ́n.

AS lè sáré. Àwọn AS wà tó ń sá máratọ́ọ̀nù. Ohun tó léwu fún wọn ni kí wọ́n já lu eré líle lójijì, nínú oòrùn, láìmu omi tó, nígbà tí ara kò tíì mọ́ ọn lára tàbí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàìsàn. Nínú irú ipò yẹn, iṣan lè bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, ohun tó ń jáde lára rẹ̀ á lọ dí kíndìnrín lọ́wọ́. Bí ẹ bá rí i pé ìtọ̀ dúdú bí omi zóbò lẹ́yìn eré, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lọ́jọ́ náà, ẹ má dúró de ọ̀la. Bí iṣan bá ti dà bíi pé ó ń kọ̀, ẹ dúró. Ẹni tó bá ní kí AS jára mọ́ ọn nígbà yẹn kò mọ ohun tó ń sọ.

Ìwọ, ìdájí ni kó o máa sáré, kó o bẹ̀rẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ Olùkọ́ Bódìjà: ìṣẹ́jú 1, kó o rìn 2. Mu omi. Sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ pé AS ni ẹ́ kí wọ́n lè mọ̀.

Olùkọ́Bódìjà (Ọjọ́bọ̀, 7:02 òwúrọ̀)

Mo kà á ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti lónìí. Mo ti sún aago sókè bí nọ́ọ̀sì ṣe wí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ní ìṣẹ́jú kẹjọ, aago ní 174. Mo dúró, mo kà á lọ́rùn: 25. Ó di 150. Ọkàn mi balẹ̀ débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún lójú títì. Lónìí, mo tún ṣe é lẹ́yìn òkè kékeré tó wà lọ́nà ibẹ̀, aago ní 170, èmi náà ka 28, ó jẹ́ 168. Ìyẹn ni pé nígbà mìíràn aago ṣìnà, nígbà mìíràn òótọ́ ló sọ. Èwo ni kí n gbà?

Ohun mìíràn tó rú mi lójú: ọ̀nà kan náà, ìwọ̀n kan náà, ṣùgbọ́n ọkàn mi lọ sókè lónìí ju ti Ọjọ́ Ìṣẹ́gun lọ. Kí ló yí padà?

Tíṣà_Eré (Ọjọ́bọ̀, 9:30 òwúrọ̀)

Ẹ gba méjèèjì, kí ẹ sì fi èémí ṣe adájọ́ láàárín wọn. Lórí òkè yẹn, ṣé ẹ lè kí èèyàn? Bí ẹ kò bá lè kí i, 168 yẹn jóòótọ́, ìrìn ni kí ẹ máa fi gun òkè fún ìgbà díẹ̀. Ìbàdàn kì í ṣe Èkó. Ìlú òkè ni. Ẹni tó bá ń fi ìwọ̀n kan náà gun òkè bó ṣe ń sáré ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, ó ń ṣe iṣẹ́ méjì pọ̀.

Ní ti ohun tó yí padà, ẹ bi ara yín: báwo ni ẹ ṣe sùn lánàá? Ṣé ẹ mu kọfí? Ṣé òjò rọ̀ lóru kí ooru tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nílẹ̀? Bí afẹ́fẹ́ bá lọ́rinrin, òógùn kì í gbẹ lára, ara kò sì lè tutù. Ọkàn á wá ṣe iṣẹ́ méjì: yóò máa gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ẹsẹ̀, yóò tún máa gbé e lọ sí awọ ara kí ooru lè jáde. Omi tí ẹ sì ń làágùn jáde, inú ẹ̀jẹ̀ náà ló ti ń wá. Ìdí nìyẹn tí ọkàn fi ń lọ sókè díẹ̀díẹ̀ bí eré bá ti ń pẹ́, bí ẹsẹ̀ kò tilẹ̀ yára sí i. Lílù 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kì í ṣe nǹkan lójú ooru wa. Bí ọ̀yẹ́ bá dé, ẹ ó rí ìyàtọ̀ láàárọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé eruku rẹ̀ náà ní wàhálà tirẹ̀.

Bó bá jẹ́ pé 74 tí ẹ máa ń rí lórí ibùsùn di 84 láìnídìí, ẹ má sáré lọ́jọ́ náà. Ó lè jẹ́ ibà ló ń bọ̀. Ọkàn máa ń mọ̀ ọ́n kí orí tó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ni. Bó bá sì jẹ́ pé ó ń rẹ̀ yín ṣáá, tí àtẹ́lẹwọ́ yín funfun, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò. Àìtó ẹ̀jẹ̀ pọ̀ láàárín àwọn obìnrin, ó sì ń mú ọkàn yára.

ỌmọSúrùlérè (Ọjọ́bọ̀, 12:15 ọ̀sán)

Àǹtí, kò sí ẹni tó dá yín lóhùn lórí bàbá tó ń kọjá lára yín. Ẹ kò mọ iye ọdún tó ti fi ń sá a. Ohun tó ń bà wá jẹ́ nìyẹn, pàápàá àwa tí a ń gbé eré wa sórí áàpù kí gbogbo ayé lè rí i. Mo ti rí ẹni tó ń sáré yíká ilé kó lè sọ iye tó wà lórí áàpù di iye tó dọ́gba. Èmi náà ti ṣe é.

Ẹ wo Eliud Kipchoge, ọmọ Kenya tó ń sá máratọ́ọ̀nù. Ní Berlin lọ́dún 2022, 2:01:09 ló fi sá kìlómítà 42.195. Kìlómítà kan kò gbà á tó ìṣẹ́jú 3. Ṣùgbọ́n àwọn tó ti lọ wo àwọn ará Kenya nídìí ìmúrasílẹ̀ wọn sọ pé bí wọ́n bá ń jáde láàárọ̀ ọjọ́ eré pẹ̀lẹ́, ẹ ó rò pé ọjà ni wọ́n ń lọ. Wọ́n ń jẹ́ kí ara jí. Bí ẹni tó yára jù láyé nígbà yẹn kò bá tijú láti lọ́ra, kí ló dé tí èmi àti ẹ̀yin á fi tijú ní Bódìjà?

Nọ́ọ̀sìPeckham (Ọjọ́bọ̀, 8:20 alẹ́)

Mo fi èyí kún un. Níbí ní Lọ́ńdọ̀nù, ní Burgess Park, àràárọ̀ Sátidé ní agogo mẹ́sàn-án, a máa ń sá kìlómítà 5 tí wọ́n ń pè ní parkrun. Ọ̀fẹ́ ni. Bushy Park ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 2004. Ohun tí mo fẹ́ràn níbẹ̀ ni pé ẹnì kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti rìn lẹ́yìn gbogbo èèyàn, kí ẹnikẹ́ni má bàa jẹ́ ẹni ìkẹyìn. Ọjọ́ àkọ́kọ́ mi, ìṣẹ́jú 51 ló gbà mí, mo rìn ju bí mo ṣe sáré lọ. Àwọn ìyá wa kan wà níbẹ̀ tó ń ró ìró lé aṣọ eré, wọ́n ń rìn, wọ́n ń ṣe ẹ̀fẹ̀. Kò sẹ́ni tó wò wọ́n wọ̀ǹsì.

Olùkọ́Bódìjà (ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà, Sátidé, 8:10 òwúrọ̀)

Ẹ kú àárọ̀ o, gbogbo yín. Mo ṣèlérí fún Bàbá Tíṣà pé màá padà wá jábọ̀.

Mo ṣe ECG náà. Wọ́n ní kò sí nǹkan kan. Ìwé rẹ̀ wà nínú Bíbélì mi.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ ló le jù, kì í ṣe fún ẹsẹ̀, fún ọkàn ìgbéraga. Ìwọ̀n mi lọ sí 10:15 lórí kìlómítà kan nítorí ìrìn tí mò ń fi kún un. Àwọn ọmọ kíláàsì mi méjì kọjá níbi tí mo ti ń rìn, mo mọ̀ ọ́n lára. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin mo sáré 2, mo rìn 1. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà mo sáré 5, mo rìn 1. Mo ń fi ẹsẹ̀ rìn gun òkè yẹn títí di ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

Lónìí, ìwọ̀n mi jẹ́ 8:50. Ẹ rí i pé kò tíì dé 8:40 tí mo ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo kà á lọ́rùn nígbà tí mo yí padà: 24. Ìyẹn jẹ́ 144. Bí mo bá jí, 67 ni. Ìfúnpá mi jẹ́ 121 lórí 78 lọ́sẹ̀ yìí.

Bàbá àdúgbò wa kọjá lára mi nítòsí ibi àwọn elẹ́kọ. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o." Mo ní, "Òo, ẹ kú iṣẹ́ náà sà, ẹ kú ìdájí, ìyá ńkọ́, ṣé ara wọn ti yá?" Ó bojú wẹ̀yìn. Ó ní, "Ara wọn ti yá, wọ́n ti lọ sọ́jà lánàá." Ó dẹ ẹsẹ̀ dúró dè mí, a jọ sáré dé ibi igi máńgòrò, ó ń sọ fún mi pé ọdún 14 rèé tí òun ti ń sá a.

Ìbéèrè kan ló kù. Láti ibi tí mo ti ń yí padà dé géètì UI, ó ku bíi 800 mítà. Ṣé kí n fi kún un lẹ́ẹ̀kan náà, àbí díẹ̀díẹ̀?

Tíṣà_Eré (Sátidé, 8:41 òwúrọ̀)

Lọ àti bọ̀, ìyẹn fi kìlómítà 1.6 kún 3. Ó pọ̀ jù fún ọjọ́ kan. Ẹ pín in sí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, mítà 200 sí iwájú ní Sátidé kọ̀ọ̀kan, kí àwọn ọjọ́ méjì yòókù wà bó ṣe wà. Ẹ kí bàbá yẹn fún mi.